Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÌYÁ: Bísíkíìtì Tí Ó Kọ̀ Láti Wú

 

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí àwa kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń gbé ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá kí i, ìyá náà sì fẹ́ fi irú bísíkíìtì tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún ní òwúrọ̀ pàdé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó le bí òkúta. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ó po ìyẹ̀fun náà. Ìyá yìí nà án nítorí àìfarabalẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Ní ìparí ìwé rẹ̀ ni ó wá bi wá léèrè ohun tí ọmọ náà ṣe tí kò dára.

Ìyá wa, bí a ti ń ka ìwé yín ni ojú ń tì wá, nítorí àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. A bá ọmọ ọ̀dọ̀ wa wí kíkankíkan nítorí búrẹ́dì tí kò wú, kí a tó mọ̀ pé ọwọ́ àwa fúnra wa ni àṣìṣe náà ti wá. Ẹ wí nínú ìwé yín pé ẹ̀yin ni ẹ bu omi híhó fún ọmọ náà, kí ìwúkàrà lè tètè ṣiṣẹ́. Ẹ sì wí pé ẹ ní kí ó po ìyẹ̀fun náà tagbáratagbára bí ẹni ń gún iyán. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ẹ pa láṣẹ ni ọmọ náà ṣe.

Ohun alààyè ni ìwúkàrà. Láti ọdún 1857 ni Louis Pasteur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn pé iṣẹ́ ohun alààyè ni kíkan àti wíwú irú nǹkan wọ̀nyí. Ìwúkàrà a máa jẹ ṣúgà, a sì máa tú atẹ́gùn jáde. Atẹ́gùn yìí ni ó ń gbé ìyẹ̀fun sókè. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni ó wù ú. Bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 60, ó ti kú, òkú kò sì lè gbé nǹkan sókè. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi náà wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ titun wò. Èyí tí ó bá yẹ ọmọ náà ni ó yẹ ìwúkàrà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ṣíṣe rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bísíkíìtì gbígbẹ inú páálí ni a ń sọ. Èyí rọ̀ bíi búrẹ́dì, bọ́tà sì ni a fi ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Ẹ da ìwúkàrà gbígbẹ, ṣíbí tíì 1 àti ààbọ̀, sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 60, kí ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 1 sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá hó ìfófòó bí ọṣẹ, ó wà láàyè. Bí kò bá hó, ẹ dà á nù kí ẹ sì tún òmíràn ṣe. Ṣíbí ìwúkàrà kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi ọpọ́n ìyẹ̀fun.

Ẹ po wàrà inú agolo mìlílítà 90 mọ́ omi iye kan náà, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 1 sí i, kí ó lè kan díẹ̀. Ẹ bu ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 350 sínú ọpọ́n, pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí ìjẹun 2, béékìn páúdà ṣíbí tíì 1 àti ààbọ̀, àti béékìn sódà àti iyọ̀, ìlàjì ṣíbí tíì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé bọ́tà tútù gíráàmù 110 sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi orí ìka rà á mọ́ ìyẹ̀fun náà títí yóò fi rí bíi gààrí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bọ́tà yọ́, nítorí òun ni yóò mú kí inú bísíkíìtì pín ní ìpele-ìpele.

Ẹ da ìwúkàrà àti wàrà náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rò ó kìkì títí yóò fi parapọ̀. Yóò fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́; ẹ má ṣe tìtorí èyí rọ́ ìyẹ̀fun lé e lórí ṣáá. Bí a bá pò ó jù, yóò máa fà bíi rọ́bà, yóò sì le nínú iná. Ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń ká aṣọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ fi ẹnu ife gé e ní títẹ̀ sísàlẹ̀ gbọọrọ, láìyí ife náà, nítorí yíyí a máa pa etí rẹ̀ dé. Ẹ tò wọ́n sínú páànù kí wọ́n fara kan ara wọn, kí ẹ da aṣọ bò wọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, títí wọn yóò fi wú.

Ẹ yan wọ́n nínú ààrò tí ó ti gbóná tó ìwọ̀n 200 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, títí orí wọn yóò fi pọ́n. Ẹni tí kò ní ààrò, kí ó da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, kí ó dé e, kí ó sì jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí ó tó gbé páànù lé iyanrìn náà. Lẹ́yìn náà kí ó kó ẹyin iná lé ọmọrí rẹ̀, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè jinná pọ̀.

Ìyá wa, iṣẹ́ kan ṣì kù ṣáájú gbogbo èyí. Ẹ pe ọmọbìnrin yín, kí ẹ sọ fún un pé omi tí ẹ fún un ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Ó nira fún wa láti là á lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń sọ àṣìṣe tirẹ̀ fún wa láìpa á mọ́. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ni í le koko. Ẹ jẹ́ kí òun ni ó dán omi náà wò ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, kí òun sì ni ó gbé àwo náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Kí Ọlọ́run kí ó bù sí oúnjẹ ilé yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.