Nagarjuna Kì í Ṣe Ìbejì Derrida
Láti ìgbà tí Robert Magliola ti tẹ ìwé Derrida on the Mend jáde ní 1984, àwọn onímọ̀ kan ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe Nagarjuna, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ní Íńdíà, ní ìbejì Jacques Derrida, onímọ̀ Faransé tí wọ́n bí sí Àlgéríà. Mo rí ohun tó fà á. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ni Nagarjuna ti ń sọ pé kò sí ohun tó dá dúró: kò sí iná láìsí ohun tó ń jó, ọmọ ló sì ń sọ ènìyàn di bàbá. Derrida náà ní kò sí ọ̀rọ̀ tó dá ìtumọ̀ ní. Ara ọ̀rọ̀ mìíràn tó yàtọ̀ sí i ló ti ń rí i. Ó jọra, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn méjèèjì léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi èrò yìí ṣe. Ìyà tó ń jẹ ẹ̀dá ni Nagarjuna ń wá oògùn sí. Ó gbà pé bí a bá mọ̀ pé ohun tí a dì mú kò ní gbòǹgbò, ọwọ́ wa á tú. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún sọ àìní gbòǹgbò yìí, tó pè ní òfìfo, di ohun àdìmú, àrùn tiẹ̀ ò gbóògùn mọ́. Derrida ò ṣèlérí ìwòsàn. Ìwé Plato àti ti Rousseau ló ń tú palẹ̀, iṣẹ́ gidi sì ni (bó tilẹ̀ ń fọ́ni lórí), àmọ́ kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ fárí wọ ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ti Nagarjuna, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Tíbẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi jiyàn lágbàálá títí dòní, tàtẹ́wọ́tàtẹ́wọ́.