Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Fúnra Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ilé wa kò jìnnà sí Port autonome de Lomé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti òkun lóru, a máa ń gbọ́ ìró irin tí wọ́n fi ń gbé àpótí ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ṣiṣẹ́ ní èbúté yìí ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ ń rù. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sídìí kíka ẹrù àti kíkọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé jẹjẹrẹ wà ní prostate rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹbí ti pé jọ.

Mo wà níbẹ̀. Èèyàn méje ló sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní kí a ta ilẹ̀ tó wà ní Kétu, kí a gbé e lọ sí Íńdíà fún iṣẹ́ abẹ. Òmíràn ní bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò tàn ká. Ẹ̀kẹta mọ oníṣègùn kan ní Atakpamé. Ẹ̀kẹrin ní àdúrà nìkan ló kù. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi wá, ó ń kó ife lọ. Bàbá Kékeré tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun.

Èmi kò sọ pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí mo ń sọ ni pé a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, a kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí.

Prostate jẹ́ ẹ̀yà ara ọkùnrin tí kò tóbi ju obì kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, ó sábà máa ń wú. Wíwú yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè mú kí ìtọ̀ ṣòro. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA lè ta wá lólobó, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó dá ẹjọ́. Dókítà ní láti fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ẹbí lè wá bèèrè: Ṣé àìsàn náà ṣì wà nínú prostate, àbí ó ti jáde? Ṣé èyí tó ń yára ni, àbí èyí tó ń rọra rìn? Báwo ni ọjọ́ orí ọkùnrin náà àti agbára ara rẹ̀ ṣe rí? Ẹbí tiwa kò mọ ìdáhùn kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń díye lé ilẹ̀ Kétu.

Bí àìsàn náà bá ṣì wà nínú prostate, tí kò sì le, dókítà lè sọ pé kí a máa ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí ẹbí nínú. Wọ́n á ní, “Ṣé kí a máa wò ó títí yóò fi kú ni?” Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Aláìsàn yóò máa padà lọ fún àyẹ̀wò, bí nǹkan bá sì yí padà, ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n ń ṣọ́ àwọn kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú àwọn yòókù. Àbájáde ọdún 15 jáde ní 2023. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, nǹkan bí mẹ́ta péré ni jẹjẹrẹ yìí pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà.

Ẹ má ṣe gbé ìròyìn yìí wá sí Lomé bẹ́ẹ̀ láìrò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, wọ́n sì tètè rí àìsàn tiwọn. Àwa dúdú ni àìsàn yìí ń bá jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni yóò ní in láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́jọ láàrin gbogbo ọkùnrin. Bí bàbá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni bá sì ti ní in, ewu náà tún pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, kí ẹ tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò.

Iṣẹ́ abẹ ń yọ prostate kúrò. Ìtànṣán ń pa jẹjẹrẹ níbi tó wà láìfi abẹ kan ara, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n lè mú lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ̀ lè máa jò fún oṣù mélòó kan. Ti ẹlòmíràn kì í dá mọ́. Ìtànṣán lè ba ìdí jẹ́, kí ìgbẹ́ máa yọ ènìyàn lẹ́nu. Agbára ọkùnrin lè dínkù nínú méjèèjì. Ẹ wá wo ẹni tó ń wa kireni ní èbúté, tó ń jókòó lókè fún wákàtí púpọ̀. Ẹ wo awakọ̀ tó ń gbé ẹrù láti Lomé lọ sí Ouagadougou, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ohun tí àwọn wọ̀nyí lè fara dà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sílé. Àwọn nìkan ló sì lè sọ ọ́. Ọkọ tuntun tí kò tíì bímọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ pẹ̀lú.

Ìtìjú ló máa ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa lẹ́nu. Síbẹ̀ Nelson Mandela kò fi ti rẹ̀ pamọ́ nígbà tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀ ní 2001. Ó di 2013 kó tó kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ti rẹ̀ ní gbangba ní Abẹ́òkúta ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ní 2024, ó pé ẹni 90 ọdún.

Ti Bàbá Kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, a rí i pé àìsàn náà ti dé ibẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ prostate kò lè mú èyí tó ti wọ egungun kúrò. Owó ilẹ̀ Kétu ì bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Fún irú èyí, ọ̀nà kan wà tó ti pẹ́. Ní 1941, Charles Huggins àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Chicago pé èròjà tí kórópọ̀n ń pèsè ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Bí a bá gé oúnjẹ rẹ̀, yóò súnkì, ìrora yóò sì dínkù, fún ọdún mélòó kan nígbà mìíràn. Kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, ó sì ní ìyà tirẹ̀: ooru á máa mú ènìyàn lójijì, ìfẹ́ obìnrin á lọ, egungun á rọ. A lè fi abẹ́rẹ́ ṣe é, tí wọn yóò máa gún léraléra, tàbí kí a yọ kórópọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tún lè fi oògùn mìíràn kún un.

Owó abẹ́rẹ́ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí ẹbí tó san ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú ayọ̀, tí kò sì sí ẹni tó gbé fóònù nígbà tó kan oṣù kẹrin. Nítorí náà, ẹ ka owó ọdún kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ètò AMU ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni lábẹ́ CNSS. Ẹ lọ bèèrè níbẹ̀ ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí wọn kì í san. Bí ó bá jẹ́ ìtànṣán ni, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà ní Lomé, kí ẹ tó ka iye ìrìnàjò lọ sí Korle Bu ní Accra tàbí LUTH ní Èkó. Ẹ má gbàgbé owó ibi tí aláìsàn yóò máa sùn. Ní ti àgbo, èmi kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu ún, kó sọ fún dókítà, kó má sì fi ṣe ìdí láti sún ìtọ́jú síwájú.

Ní ìpàdé kejì, mo bèèrè pé, “Bàbá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sùn lóru láìsí ìrora. Ó ní ilẹ̀ Kétu, ti àwọn ọmọ ni. Ó ní kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí òun mọ ẹni tí kò ní gbé fóònù ní oṣù kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo: “Ṣé o fẹ́ di obìnrin ni?”

Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bí ọmọ mẹ́fà. Egungun ló ń dùn mí.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò padà lọ rí dókítà. Ìyàwó rẹ̀ yóò bá a wọ inú yàrá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti kọ ìbéèrè mẹ́rin sínú ìwé tó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́. Ìkẹrin ni pé: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ mélòó ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, nítorí ọkọ òun kì í gbọ́ràn.