Ta Ni Yóò Gbé Kámẹ́rà Lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó?

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ojú ayé máa ń wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a wọ aṣọ aláràbarà, àwọn ẹlẹ́ṣin a gẹṣin, kámẹ́rà a sì pọ̀ bí eṣú níbi Ojúde Ọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn kámẹ́rà náà kì í sábà yà: ìgbésí ayé àwọn tí wọ́n kọ orin tí Ìjẹ̀bú ń jó sí.

Àwọn Ẹ̀gbá ti rí tiwọn. Ní 2014, Alex Gibney, ará Amẹ́ríkà, gbé Finding Fela jáde lórí Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Ní 2021, Túndé Kèlání sọ ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà di sinimá. Eré ni ti Àyìnlá, òṣèré ló ṣe é. Ti Fẹlá ni ó kó àwòrán, ohùn àti ẹ̀rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn jọ.

Irú èyí ni ó yẹ Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a bí ní 1919, tí ó sì kú ní 1983. Àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni ó fi gbé àpàlà dé ibi gíga. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀. Kí ó tó kú, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí ìlú rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi kọ́ ọ sí Èkó? Èló ni àwọn onílù rẹ̀ ń gbà? Ta ni ó ń jẹ èrè àwọn orin náà lónìí? Fíìmù gidi a máa béèrè irú ìbéèrè báyìí.

Ẹ̀rù lè ba ẹbí pé wọn yóò tú àṣírí. Oríkì a máa yin ènìyàn. Fíìmù ìgbésí ayé gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ti Fẹlá kò fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀ pamọ́, kò sì fi àrùn éèdì tí ó pa á ní 1997 pamọ́. Síbẹ̀, iyì Fẹlá kò dínkù.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bátílì Àlàkẹ́, tí ó kọ́kọ́ gbé wákà sínú àwo, ti lọ ní 2013. Sàláwà Àbẹ̀ní ṣì wà láàyè. Ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Yorùbá ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdún kan, kámẹ́rà yóò dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí àwọn àgbà onílù tó tán. Aṣọ ọdún yóò gbó. Ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò bá.