Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi Ọmọ Ja Ìjà Orè

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Orè, ẹ̀yin ọmọ mi ní Òdìgbó, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ogun abẹ́lé 1967 ló sọ Orè di àṣamọ̀ lẹ́nu Yorùbá: ó le kú, ìjà Orè. Sọ́jà ló ja ìyẹn. Ẹ̀yin tọkọtaya tó kọ ara yín sílẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí ẹ jọ bí ni ẹ gbé síwájú bí apata, tí ẹ ń ta ara yín lọ́fà!

Ẹ̀yin ọkùnrin, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ mọ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀: "Bàbá ló lọmọ." Bàbá ló lọmọ, àwọn baba ńlá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló lọmọ, n kò jiyàn. Ṣé wọ́n ní kí bàbá gbọmọ tán, kó lọ já a jù sọ́dọ̀ ìyá àgbà lábà kòkó, kí òun wọ mọ́tò Èkó lọ fẹ́ ìyàwó tuntun? Agbo ilé ni wọ́n ń gbà á wọ̀ nígbà náà, ojú púpọ̀ ní ń ṣọ́ ọ. Agbo ilé tiyín dà?

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èwo ni ká gbọmọ sá lóru, ká pa fóònù, ká máa sọ fọ́mọ pé bàbá rẹ̀ ti kú? Bàbá tó wà láàyè!

Òfin pàápàá gbọ́n jù yín lọ. Òfin 1970 tí ilé-ẹjọ́ gíga ń lò fún ìgbéyàwó alárédè fi ire ọmọ ṣíwájú. Ní 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ní bí àṣà tilẹ̀ fọmọ fún bàbá, ire ọmọ náà la ó kọ́kọ́ wò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ìpínlẹ̀ Òndó ti 2007 náà kò yà kúrò lọ́nà yẹn. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ nìyí: ta ni yóò wà nílé bọ́mọ bá ti ilé-ìwé dé? Ta ni yóò gbé e lọ sọ́sibítù bí ibà bá mú un lóru? Adájọ́ kò bi yín ẹni tó kọ́kọ́ fa ẹnì kejì láṣọ ya.

A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹbí tó jẹun ìdána, kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ pè wọ́n?

Ìwọ bàbá, owó oúnjẹ tí kóòtù ní kí o máa san ńkọ́? Ìwọ ìyá, kóòtù ní kí bàbá máa rí ọmọ rẹ̀, èéṣe tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì? Ẹ dá mi lóhùn.