Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọ̀tà Nílò Àpò Ìlera Tó Jẹ́ Tiwọn

Ọ̀tà wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe oògùn tí gbogbo Nàìjíríà ń lò. Ilé iṣẹ́ Fidson wà ní Sàngó-Ọ̀tà. May & Baker náà kọ́ ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan sí Ọ̀tà. Ọkọ̀ ẹrù ń kó páálí oògùn jáde níbẹ̀ lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbẹ́rù ní ilé iṣẹ́ mìíràn ládùúgbò kan náà, bí ibà bá kì í mọ́lẹ̀ lóru, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni yóò gbà lọ láàárọ̀. Yóò ní kí wọ́n bá òun po oògùn ní ìwọ̀n owó tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹnikẹ́ni ò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Yóò gbé e mì, yóò sì forí lé ibi iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí kò bá lọ, kò sí owó ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èèyàn púpọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, ni èèyàn pọ̀ sí jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà ìkànìyàn ọdún 2006: èèyàn 526,565 ni wọ́n kà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé ti bo gbogbo ibi tó jẹ́ igbó láàárín Sàngó, Ojú-Ọrẹ́, Ìyànà-Ìyèsí àti Àtàn. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n ọmọ ibi gbogbo ló ń gbé ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́, Benue, Ẹ̀bọ́nyì tàbí Ìdìrókò mọ̀ pé bí òun bá tètè dé ẹnu géètì, òun lè rí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe.

Kásúà ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn míì ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà láìsí lẹ́tà ìgbàṣíṣẹ́. Kọ́ńtírátọ̀ ló kó wọn wá, òun náà ló ń sanwó fún wọn, tí ilé iṣẹ́ yóò sì sọ pé òun kò gbà wọ́n síṣẹ́. Bí àìsàn bá wá dé, ọ̀rọ̀ náà a di ti ẹbí, ti ará ilé àti ti ẹni tí yóò yá èèyàn lówó.

Ìyà yìí kọjá Ọ̀tà nìkan. Nínú gbogbo 100 náírà tí wọ́n ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera àwọn ará ìlú lọ́dún 2018, 97 nínú 100 obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti oṣù Keje ọdún 2024, síbẹ̀ iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo fún aboyún lè gbé owó oṣù mélòó kan lọ. Bí owó dìpósíìtì kò bá tíì pé, ẹbí yóò máa sá kiri, obìnrin náà yóò sì máa rọbí.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣòfin ètò adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè kò gbọdọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára láti san. Ó sì fàyè gba àwọn ẹgbẹ́ tí ará ìlú fúnra wọn dá, tí wọn kì í ṣe ti oníṣòwò, láti máa ṣètò ìlera fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Apá tó gbẹ̀yìn yìí ló yẹ kí àwọn ará Ọ̀tà dì mú.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbìyànjú. Lọ́dún 2014, lábẹ́ Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn, wọ́n gbé ètò kan dìde tí wọ́n pè ní Araya, fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Lónìí, ìpínlẹ̀ náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera. Kò sí ẹni tó lè ní kò dára. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn ni pé òkè ni irú ètò báyìí ti máa ń wá. Ìjọba ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ìjọba ló ń tẹ káàdì, bí ìjọba bá sì yí padà, ẹni tó gba káàdì kò mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè. Obìnrin tó ń ta ata lọ́jà Sàngó kò ní fi owó rẹ̀ sínú ohun tí kò mọ olórí rẹ̀.

Obìnrin yẹn kan náà sì ń dá àjọ lójoojúmọ́! Ó mọ alájọ, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò kó. Àwọn aránṣọ ní ẹgbẹ́, àwọn fọkanáísà ní ẹgbẹ́, àwọn ọlọ́kadà àti onímàrúwá ń san owó ẹgbẹ́ láràárọ̀. Nínú àwọn kọ́ńpìnnì gan-an, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yá òṣìṣẹ́ lówó láti ra ilẹ̀. Ètò ìkówójọ tí ìjọba ń wá ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó kù ni kí a ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún ìlera, kí ó jẹ́ ti àwọn tó ń dá a, kí èrè kankan má bọ́ sápò ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ṣẹ́ kù lópin ọdún, kí wọ́n fi kún ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà.

Kwara ti fi hàn pé owó kékeré lè ṣe nǹkan ńlá. Lọ́dún 2007, ètò adójútòfò bẹ̀rẹ̀ ní Shonga fún àwọn àgbẹ̀ àti ìdílé wọn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò Hygeia ló ń bójú tó o. Àjọ PharmAccess àti àpò owó kan tí ìjọba ilẹ̀ Netherlands ń tì lẹ́yìn ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ìjọba Kwara náà dá sí i. Ohun tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń san kò tó 1,000 náírà lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni ètò náà dé Afọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014. Láàárín ọdún méjì, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 10 mmHg, ti àwọn tó wà níbi tí ètò náà kò dé lọ sílẹ̀ ní 5 péré. Ẹ rò ó wò. Èèyàn tí ìbá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ń rìn lọ sóko, nítorí pé ó lè gba oògùn rẹ̀ lóṣooṣù láìwo àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ètò yẹn dáwọ́ dúró. Owó òkèèrè kì í wà títí. Àwọn àgbẹ̀ ń sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò náà kò sí lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì ń san kò tó láti dá a gbé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún Ọ̀tà: owó tálákà nìkan kò lè tó, àti pé ẹni tí yóò fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òfin dè mọ́ ọn.

Ní Olówóòrá, lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn, wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2008. Ètò náà, tí wọ́n pè ní Ìkọ̀sí-Ìṣẹrì, wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò, ìjọba Èkó ń kún un lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Kò jìnnà sí Ọ̀tà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń kọsẹ̀ lè lọ bá àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìtàn tó bá Ọ̀tà mu jù lọ, ilẹ̀ Wales ló ti wá. Ìlú Tredegar jẹ́ ìlú awakùsà èédú àti àwọn tó ń yọ́ irin. Láti ọdún 1890 ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń dá owó jọ: pẹ́nì mẹ́ta nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà, tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́. Owó yẹn ni ẹgbẹ́ wọn fi ń san owó oṣù dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn eyín. Òṣìṣẹ́ ló ń yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ ló ń gba dókítà síṣẹ́. Nígbà tó yá, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ìlú wà nínú rẹ̀. Aneurin Bevan, ọmọ ìlú náà tí òun pàápàá ti wakùsà rí, jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wọn. Òun ni mínísítà ìlera tó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, ètò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ Yorùbá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lónìí.

Ní Gánà, ilé ìwòsàn àwọn Kátólíìkì ní Nkoranza bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1992. Wọ́n tètè rí i pé bí a bá ní kí kálukú wá nígbà tó wù ú, aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ dé, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò sì dúró sílé, owó tó ń jáde yóò sì ju èyí tó ń wọlé lọ. Ni wọ́n bá ní kí ìdílé máa wọlé lódindi. Ọdún 2003 ni Gánà sọ ọ́ di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì ń mú nínú owó orí ọjà sí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ Ọ̀tà kò ṣòro láti tò. Kí ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ lódindi: gbogbo aránṣọ, gbogbo onímàrúwá, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ́ńpìnnì kan, pẹ̀lú aya àti ọmọ. Kí wọ́n máa dá a lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹni tó ń gba owó ọjọ́ kò lè san ti ọdún lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n máa ka ìwé owó sókè nínú ìpàdé. Òfin Ìlera ọdún 2014 ti ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, kí ìdajì rẹ̀ sì gba ọ̀nà adójútòfò. Ibẹ̀ ni owó àwọn opó, arúgbó àti aláìníṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wá.

Bí a bá ní kí àwọn onílé iṣẹ́ náà dá tiwọn, wọn yóò ní iná àti dísùù ti ń pa àwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni òfin ti ní kí wọ́n máa san ìdá kan nínú 100 owó òṣìṣẹ́ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yẹn kò dé ibi ibà, kò dé ibi ìtọ̀ súgà, kò dé ibi ìyàwó tó ń rọbí. Kí òfin 2022 dé ibẹ̀, kí ó sì ka kásúà mọ́ òṣìṣẹ́, yálà kọ́ńtírátọ̀ ló kó o wá tàbí òun fúnra rẹ̀ ló wá. Àjọ adójútòfò ìpínlẹ̀ Ògùn ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mẹ́wàá péré lójú ọ̀nà Ìdìrókò, kí wọ́n ka orúkọ gbogbo ẹni tó wọ géètì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì fi orúkọ náà wé ti àwọn tí wọ́n ń sanwó ìlera fún. Ọdún 2027 ni wọn yóò tún dìbò gómìnà. Kí àwọn ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ ní Sàngó pe àwọn tó bá wá tọrọ ìbò jókòó, kí wọ́n bèèrè ọjọ́ tí kíka yẹn yóò bẹ̀rẹ̀.