Ẹ̀TỌ́ NI, KÌ Í ṢE ỌRẸ-ÀÁNÚ

Ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ wa



Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, ènìyàn 67 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè yìí níbi tí wọ́n ti lọ gba ẹ̀bùn àti oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọmọdé 35 ni a tẹ̀ pa níbi àríyá tí a ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn. Ní ọjọ́ 21, ènìyàn 22 kú ní Òkìjà, Ìpínlẹ̀ Anámbra. Ènìyàn 10 sì kú ní Àbújá. Kò sí ogun. Iná kò jó. Àwọn ènìyàn ni wọ́n rọ́ lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé olúkúlùkù mọ̀ pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn kò ní rí gbà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ pín nǹkan fún ará ìlú kọ́kọ́ fi tó àwọn létí. Ìkìlọ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ọ́fíìsì wo ni ó yẹ kí ìyá tí kò ní oúnjẹ lọ kí ó tó di pé ó gbé ọmọ rẹ̀ sáàárín èrò? Ta ni ó ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé? Ta ni ó gba owó-oṣù láti mọ̀ pé ebi ń pa á?

A kò bá aláàánú jà o. Ẹni tó bá ní, tó sì fún ẹni tí kò ní, Ọlọ́run yóò san án fún un. Ìjọba tó sá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tó wá fi aláàánú rọ́pò ara rẹ̀, ni a ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ́fíìsì tí à ń wí yìí kì í ṣe àlá. Púpọ̀ nínú wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kékeré. Bí bàbá kan bá kọ̀ tí kò bọ́ ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ yóò ní, "Màá gbé ọ lọ sí Wẹ́fíà!" Bàbá náà a sì wá owó. Wẹ́fíà yìí ni Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn.

Àwọn kan rò pé oore-ọ̀fẹ́ alága káńsù ni ẹ̀ka náà jẹ́. Rárá. Abala 7 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 pàṣẹ pé kí iṣẹ́ tí a kọ sínú Àtẹ Kẹrin jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Nínú Àtẹ náà, níbi tí a gbé dárúkọ ọjà, ibùdókọ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, ibẹ̀ náà ni a ti kọ ọ́ pé kí káńsù dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera, kí ó sì máa bójú tó o. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: káńsù ń gba owó ọjà lójoojúmọ́, ó ń gba owó ibùdókọ̀ láràárọ̀, ilé aláìní dà?

Ó tún kù. Abala 16 sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lè ní ibùgbé, oúnjẹ tó péye, owó-oṣù tó ṣe é gbé ayé, ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti ìrànwọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n Abala 6 sọ pé ilé-ẹjọ́ kò ní agbára láti fi ipá mú ìjọba ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún fún wa, ọwọ́ òsì gbà á padà. Síbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: Àtẹ Kẹrin kò sí lára àwọn abala tí a fi odi yìí dáàbò bò. Iṣẹ́ tí a là sílẹ̀ fún káńsù ni.

Kí ni ẹ̀ka tó dúró dáadáa máa ń ṣe? Ó máa ń ní ìwé orúkọ, wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, fún àwọn arúgbó tí kò ní olùtọ́jú, opó, ọmọ òrukàn, afọ́jú, adití àti arọ. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń parí ìjà lórí owó oúnjẹ ọmọ. Òun ni ọlọ́pàá ń ké sí bí a bá rí ọmọ jòjòló tí a gbé sọnù. Bí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá dé ilé-ẹjọ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ilé tí ọmọ náà ti wá kí adájọ́ tó sọ ibi tí yóò lọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ní àánú. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni.

Mo dé ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, nítorí pé ó jọ ọ̀pọ̀ mìíràn. Tábìlì kan, àga méjì, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ wo ọmọ kan tí ìyàwó bàbá rẹ̀ fi iná jó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n abúlé náà jìnnà, ọkọ̀ kò sí, owó ọ̀kadà náà yóò ti inú àpò òun jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń ta àtíbàbà, wọ́n ń to àga. Alága fẹ́ pín ẹ̀rọ ìránṣọ.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ LỌ

Wọ́n yóò ní owó kò sí. Nínú owó tí orílẹ̀-èdè ń pín láti àpò àpapọ̀, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni a yà sọ́tọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ 774. Abala 162 ní kí owó náà gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Inú àpò yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń yọ́ bí iyọ̀ nínú omi. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé a lè san án fún káńsù tààrà. Àwa òṣìṣẹ́ yọ̀, ó sì yẹ kí á yọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ náà dí wa lójú. Ìdájọ́ lè ṣílẹ̀kùn fún owó. Kò lè sọ ohun tí a ó fi owó ṣe. Bí owó bá bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága tí ń fi í ra ìrẹsì tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára àpò, èrè wo ni ó dé ọ̀dọ̀ arúgbó inú ilé?

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìrónilágbára yìí ni ọ̀tá ètò ìgbáyégbádùn. Ẹni tó gba ẹ̀rọ ìlọta gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní rí gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ebi pa jù. Ìwé orúkọ ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ń bèèrè pé, "Kí ni o nílò?" Ìwé ti ìrónilágbára ń bèèrè pé, "Ti ta ni ọ́?"

Nǹkan kò sàn jù lókè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn ìsémọ́lé àrùn Kòrónà, ará ìlú já ilé ìkẹ́rù sí ní Èkó, Ọ̀ṣun, Kwara, Plateau àti Adamawa, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ tí a kò tíì pín. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún mílíọ̀nù 15 ìdílé. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2024, Ààrẹ ti dá àwọn ètò ìrànwọ́ náà dúró fún ìwádìí. Ibi tí ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù kò bá ti sí, Àbújá kò lè mọ ẹni tí ebi ń pa.

"KÍ LÓ KAN ẸGBẸ́ ÒṢÌṢẸ́?"

Mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwa ni owó-oṣù.

Ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo darí, mo ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ àwọn tí owó-oṣù rẹ̀ ń bọ́, yàtọ̀ sí aya tàbí ọkọ àti ọmọ tó bí. Awakọ̀ kan kọ ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ó kọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ adití, tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ó kọ opó àbúrò rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ó kọ bàbá arúgbó kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá, tí wọ́n kàn jọ ń gbé inú ilé kan náà, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò dé. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Kọ́múréèdì, èmi ni Wẹ́fíà àdúgbò wa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́, a jà, owó-oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000 ti ọdún 2019, ó di ₦70,000 ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ìyanṣẹ́lódì gbà ń gba ihò tí káńsù fi sílẹ̀ jáde. Agbọ̀n ni à ń pọn omi sí. Iṣẹ́ tí káńsù kò ṣe, owó-oṣù wa ni ó ń ṣe é.

Àwọn mìíràn ní ẹbí ni ó ń tọ́jú ẹni nílẹ̀ wa, pé ti òyìnbó ni ètò yìí. A kò kẹ́gàn ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹbí ta ni ó lè dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀? Òṣìṣẹ́ tó kúrò ní Benue tó ń ṣiṣẹ́ ní Kano, ẹbí wo ni yóò sáré wá bí ẹ̀rọ bá gé e lọ́wọ́? Ẹrù tó ju ẹbí lọ ni a fi ń dá ìjọba sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó korò. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì wọ̀nyí. Àwọn kan nínú wọn ti yọ orúkọ opó kúrò, wọ́n fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú sí i. Àwọn kan ń gba owó kí wọ́n tó wá fáìlì. A kò lè máa bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ alága, kí á sì máa tà á fún aláìní.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

1. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan ya owó Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn sọ́tọ̀ nínú ètò ìsúnná rẹ̀ lọ́dọọdún, kí a sì lẹ̀ ẹ́ síta kí ará ìlú lè kà á.
2. Kí a gba òṣìṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí a sì fún wọn ní ọkọ̀ àti owó ìrìnnà.
3. Kí ìwé orúkọ àwọn tó nílò ìrànwọ́ wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí a kò kọ lè mọ ibi tí yóò ti fẹjọ́ sùn.
4. Kí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti àwọn obìnrin ọjà àti ti àwọn tí ara wọn kò pé wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwé náà wò.
5. Kí owó ìlú má ṣe gba ibi ayẹyẹ pínpín ẹ̀bùn tí a fi orúkọ olóṣèlú ṣe.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ Ẹ̀KA YÍN

Níbo ni Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín? Òṣìṣẹ́ mélòó ni ó wà níbẹ̀? Èló ni a kọ fún un nínú ètò ìsúnná ọdún yìí, èló sì ni ó dé ọwọ́ wọn? Ẹ rán ènìyàn mẹ́ta lọ síbẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Kí wọ́n má lọ tọrọ nǹkan. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sì ní kí ó fi ìwé orúkọ wọ́ọ̀dù yín hàn wọ́n. Bí kò bá sí ìwé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.