ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lóṣù yìí kan awakọ̀, ó kan òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ó sì kan ọmọ tí òbí ń rán ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ jiọ́lọ́jì ni, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a máa ń bá wọn lò lórí òkè àti nínú igbó. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kan péré ni. Àwọn aláṣẹ ní epo ti wọ́n jù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Àwòrán ni wọ́n fi dí àlàfo.

A kò ní àwòrán kò wúlò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kán ásíìdì díẹ̀ sórí òkúta Ewékorò tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, yóò rí i tí ó ń hó. Bí ó bá kán an sórí àpáta Olúmọ, kò ní hó. Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé láéláé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa ló wà lórí àpáta líle. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta náà àti ibi tí àpáta ti sán ni omi ń wà. Ẹni tí kò rí ibi tí àpáta ti sán rí, tó wá ń júwe ibi tí a ó gbẹ́ kànga sí, owó ará àdúgbò ni yóò dà sí kòtò gbígbẹ. Ẹ sì rántí Zamfara ní 2010: òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé pa ọmọdé tí kò dín ní 400.

Àwọn kan láàrin wa pàápàá ń pe ìrìn-àjò yìí ní fàájì. Kí wọ́n bi awakọ̀ tó sun inú ọkọ̀, tí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ kò jáde títí sáà fi parí. Kí wọ́n bi ẹni tó gbé àpò òkúta sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú oòrùn ọ̀sán.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkínní, kí a ya owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí a pèsè ọkọ̀ tí taya rẹ̀ dára, àpótí oògùn, àti akoto fún gbogbo ẹni tó ń lọ síbi tí a ti ń fọ́ òkúta. Ẹ̀kẹta, kí owó oúnjẹ àti owó ilé ibùsùn àwọn òṣìṣẹ́ jáde kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwa náà ṣèlérí: bí wọ́n bá ṣe tiwọn, ọkọ̀ kò ní dúró nítorí tiwa. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí a fi ohùn kan sọ ọ́. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.